Fífẹ́ Ọlọ́run àti Ọmọnìkejì: Bí A Ṣe Ń Fi Hùwà Lójoojúmọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Akọ̀wé òfin kan bi Jésù pé èwo ló tóbi jù nínú gbogbo òfin. Òfin kan ló béèrè, méjì ni Jésù fún un. Ó wà nínú Máàkù 12:28–34. Inú Diutarónómì 6:5 ni Jésù ti mú èkíní: kí á fi gbogbo àyà, gbogbo ọkàn, gbogbo iyè àti gbogbo agbára fẹ́ Olúwa Ọlọ́run wa. Inú Léfítíkù 19:18 ló ti mú èkejì: fẹ́ ọmọnìkejì rẹ bí ara rẹ. Akọ̀wé náà gbà pé òótọ́ ni, ó ní ó ju gbogbo ẹbọ sísun lọ. Jésù wá sọ fún un pé kò jìnnà sí ìjọba Ọlọ́run.

Ọmọ kékeré tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù lè ka òfin méjèèjì yìí lórí láì wo ìwé. Síbẹ̀ nínú ilé onígbàgbọ́ kan náà, owó bíríkìlà ti di gbèsè oṣù mẹ́ta, ìyá àgbà wà ní yàrá kò rí ẹni fún un ní òògùn, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ò sì kí ara wọn mọ́ nítorí ilẹ̀. A kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó fẹ́ mú òfin náà kúrò lórí ahọ́n wá sí ọwọ́. Jòhánù Kìn-ín-ní 4:20 ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀: ẹni tí kò fẹ́ arákùnrin tó ń rí, báwo ni yóò ṣe fẹ́ Ọlọ́run tí kò rí? Ẹ má gbìyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ gbà á bó ṣe tò tẹ̀ léra.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti Léfítíkù 19

Ẹsẹ 18 tí Jésù mú yẹn, ìparí ọ̀rọ̀ gígùn kan ni. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 9, a ó rí ohun tí Ọlọ́run ń pè ní ìfẹ́ gan-an: kí àgbẹ̀ má kórè tán dé igun oko, kí ó fi èyí tó jábọ́ sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò (9–10), kí á má jalè, kí á má purọ́ (11), kí owó alágbàṣe má sùn sí ọwọ́ wa mọ́jú (13), kí á má ṣépè fún adití, kí á má gbé ohun ìkọ̀sẹ̀ síwájú afọ́jú (14), kí á má ṣègbè nínú ìdájọ́, ìbáà jẹ́ fún olówó tàbí fún tálákà (15), kí á má ṣe òfófó kiri (16), kí á má kórìíra arákùnrin wa lọ́kàn, kí á bá a wí láì fi bò (17). Lẹ́yìn gbogbo èyí ni "fẹ́ ọmọnìkejì rẹ" ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹsẹ 34 fi àlejò kún un, ẹsẹ 36 fi òṣùwọ̀n tòótọ́ kún un.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ní ọjọ́ Ajé, ẹ ka ẹsẹ 9 àti 10, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 àti 12, Ọjọ́rú, 13 àti 14, Ọjọ́bọ̀, 15, ọjọ́ Ẹtì, 16, Àbámẹ́ta, 17 àti 18, ọjọ́ Ìsinmi, 33 sí 36. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ènìyàn kan tí ọ̀rọ̀ náà kàn, àti ohun tí ẹ máa ṣe fún un, àti ọjọ́ tí ẹ máa ṣe é. "Màá ní sùúrù sí i" kò tó, nítorí kò sí bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ ti ṣe é. "Màá san ₦8,000 tó kù fún télọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì" ni ohun tí a ń fẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà níbí ni pé ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn ni wọ́n ń kọ dípò orúkọ ẹlòmíràn, ìwé náà a wá di ìwé ẹkún, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí àǹfààní kankan níbẹ̀.

Àárọ̀ pẹ̀lú Ọlọ́run, ogún ìṣẹ́jú

Ìfẹ́ sí Ọlọ́run ló ṣáájú nínú ìdáhùn Jésù, a ò sì gbọdọ̀ fò ó. Ẹni tó bá ń ṣoore láì ní ibi tó ti ń gba agbára, oore náà yóò sú u láàárín oṣù mélòó kan, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ti ṣe fún àwọn ènìyàn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, ẹ ka Sáàmù kan sókè, kí etí yín gbọ́ ọ. Ìyẹn gba bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ dúpẹ́ fún ohun márùn-ún tó ní orúkọ láti àná. "Olúwa o ṣeun fún gbogbo rẹ̀" kò wọ inú márùn-ún yẹn. Ẹ ka ìdajì orí kan nínú Ìhìn Rere, kí ẹ sì bi ara yín pé ta ni Jésù ń wò níbẹ̀. Ẹ wá dárúkọ ènìyàn mẹ́ta nínú àdúrà: ẹnìkan nínú ilé, ẹnìkan tó wà nínú àìní, ẹnìkan tó ṣẹ̀ yín. Ẹni kẹta yẹn ni ẹ má fò. Mátíù 5:44 ló pa á láṣẹ, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí a mọ̀ tí ìkórìíra fi ń rọ̀ láyà ènìyàn bíi kí ó máa dárúkọ ọ̀tá rẹ̀ sí rere lójoojúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà lè má dé ọkàn. Ẹ ṣáà máa sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìṣọ́-òru wà níbí. Àgọ́ àdúrà pọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àwa ará Rẹ́mọ ni ó sì súnmọ́ jù. Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: ta ló máa fún àgbàlagbà tàbí aláìsàn inú ilé lóúnjẹ alẹ́? Ta ló máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọ? Owó ọkọ̀ àti owó ọrẹ yìí, ṣé kì í ṣe owó oògùn ẹnìkan? Nínú Máàkù 7:9–13, Jésù bá àwọn tó ń sọ fún bàbá àti ìyá wọn pé ohun tí àwọn ìbá fi tọ́jú wọn ti di Kọ́bánì, ẹbùn fún Ọlọ́run, wí gidigidi. Ó ní wọ́n sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. Bí ìbéèrè kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá rí ìdáhùn, inú ilé ni kí ẹ ti gbàdúrà lóru náà.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Tìmótíù Kìn-ín-ní 5:8 le ju bí a ṣe ń kà á lọ: ẹni tí kò pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́, ó burú ju aláìgbàgbọ́ lọ. Púpọ̀ nínú wa ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí Ìbàdàn, a sì ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀ nítorí ìnáwó. A máa ń dé ní àárọ̀ Àbámẹ́ta pẹ̀lú aṣọ ẹbí, a ó jẹ, a ó jó, a ó sì padà nírọ̀lẹ́. Ìyá tó bí wa á rí wa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ yí ètò náà padà díẹ̀. Ẹ wọlé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tàbí kí ẹ sùn di ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ jókòó ti àgbàlagbà yín fún wákàtí kan gbáko, kí ẹ sì yẹ nǹkan mẹ́ta wò.

Àkọ́kọ́ ni òògùn. Ẹ bèèrè fún páálí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, kí ẹ sì kà á. Bí wọ́n bá ra ọgbọ̀n hóró ní ọjọ́ kìíní oṣù, tí wọ́n ní kí wọ́n máa lo ẹyọ kan lójúmọ́, mẹ́wàá ló yẹ kó kù lẹ́yìn ogúnjọ́. Bó bá ku méjìdínlógún, ọjọ́ mẹ́jọ ni wọn ò lò ó. Ẹ má jágbe mọ́ wọn. Ẹ bèèrè jẹ́jẹ́: ó lè jẹ́ pé òògùn náà ń jẹ́ kí wọ́n tọ̀ lóru, ó lè jẹ́ pé wọn ò rí ìwé ara páálí kà, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ń fi pamọ́ kí ẹ̀yin má baà náwó lórí òmíràn. Ohun tó fà á ni yóò sọ bóyá dókítà la máa padà lọ bá, tàbí ọmọ àdúgbò kan ni a máa bẹ̀ kó máa wá fún wọn láràárọ̀.

Ẹ̀kejì ni ilé ìdáná: ẹ ṣí ìkòkò àti agolo, kí ẹ rí ohun tí wọ́n ń jẹ ní tòótọ́. Ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Ẹ bá wọn fọ̀ ọ́, ẹ wo àárín ọmọ ìka àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ọgbẹ́ tí kò dun ẹni tó ní i ni kí ẹ bẹ̀rù jù, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Jésù fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nínú Jòhánù 13, lẹ́yìn náà ló tó fún wọn ní òfin tuntun pé kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn.

Ọmọ ọ̀dọ̀ náà wà nínú ilé. Oúnjẹ tí ọmọ tiyín ń jẹ ni kó jẹ, ibi tó ń sùn kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí ẹ kò lè fi ọmọ tiyín sùn, kó sì máa lọ sí ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn jù báyìí lọ.

Ọjà, òṣùwọ̀n àti owó iṣẹ́

Oníṣòwò ni wá ní ilẹ̀ yìí, ibẹ̀ sì ni Ọlọ́run ti ń dán ìfẹ́ wa wò jù. Ẹ mú kóńgò tí ẹ fi ń wọn gàrí. Ẹ yí i padà, ẹ ti ìka bọ inú rẹ̀, kí ẹ wo bóyá ìdí rẹ̀ ti wú sókè. Àwọn kan máa ń fi iná tì í láti ìsàlẹ̀ kó lè ga sínú, àwọn mìíràn á da àbẹ́là sí ìdí rẹ̀, àwọn mìíràn á gé etí rẹ̀. Gàrí tó wà lókè á kún gọ̀ńgọ̀, oníbàárà á rò pé òun jèrè, ṣùgbọ́n ìdí ti jẹ ẹ́.

Bí ẹ ṣe máa yẹ tiyín wò nìyí. Ẹ ra omi oníke 75cl, ẹ máa dà á sínú kóńgò náà títí yóò fi kún dé etí, kí ẹ ka iye ike tó gbà, títí kan ìdajì. Ẹ yá kóńgò mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó wà ní ìsọ̀ kan náà, kí ẹ ṣe bákan náà. Bí tiyín bá kéré jù, ẹ sọ ọ́ nù lọ́jọ́ náà, ẹ má fi ta ọmọ ẹlòmíràn lọ́rẹ. Bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ ti ń fi tà, àpẹẹrẹ Sákéù wà nínú Lúùkù 19:8, ìlọ́po mẹ́rin ló ní òun máa san padà. Ẹ ò lè rí gbogbo oníbàárà mọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn tó ń ra lọ́wọ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ máa bù ú ní ẹ̀kún fún wọn pẹ̀lú ènì gidi.

Ẹni tó ń dín gàrí náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú lórúkọ nítorí pé ó kan, ó sì gbẹ. A máa ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí a rin wà nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí a tó sẹ́ ẹ, kí a tó dín in. Ẹni tó bá dín ti ọjọ́ kan, tó sì pè é ní gàrí Ìjẹ̀bú fún ará Èkó, ó purọ́ bí Léfítíkù 19:11 ṣe wí. Ẹni tó gbé e kúrò lórí iná nígbà tó ṣì tutù kó lè wúwo nínú àpò, gàrí náà yóò bu nílé ẹni tó rà á, owó ọlọ́mọ á sì ṣòfò.

Ní ti oko: ẹ fi igun kan sílẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀gẹ́ tàbí obì, ẹ yan poro méjì tàbí igi kan, kí ẹ sọ fún opó kan ní tààrà pé tirẹ̀ ni, kí ó wá kó o fúnra rẹ̀. Kí ó kó o fúnra rẹ̀ ni Bíbélì wí, torí pé ó ń jẹ́ kí ẹni náà ṣiṣẹ́ gbà á pẹ̀lú ọlá, kò ní máa dúró lẹ́nu ọ̀nà yín bí alágbe.

Owó alágbàṣe, ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ ni kí ẹ san án. Ìdí tó fi ń pẹ́ ni pé a máa ń gba bíríkìlà sí iṣẹ́ kí owó tó pé. Ẹ ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ kí ẹ tó ra sìmẹ́ńtì. Bí owó kò bá tó fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ méjì ni kí ẹ pè é. Bí ohun kan bá sì yẹ̀, ẹ wí fún un ní àárọ̀ kó tó wọ aṣọ iṣẹ́, kó lè yàn bóyá yóò ṣe é. "Máa bọ̀ lọ́la" tí a ń sọ fún un nírọ̀lẹ́ ni Jákọ́bù 5:4 sọ pé ó ń ké dé etí Olúwa àwọn ọmọ ogun.

Lójú títì

A ò lè gbé ní Ṣàgámù, Ìpẹ̀rù tàbí Ògèrè kí á má mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú márosẹ̀. Ìtàn ará Samáríà inú Lúùkù 10 náà, ojú ọ̀nà ló ti ṣẹlẹ̀, ó sì ní ìgbésẹ̀: ó rí ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà lù fi sílẹ̀, ó súnmọ́ ọn, ó fi òróró àti wáìnì sí ọgbẹ́ rẹ̀, ó dì í, ó gbé e sórí ẹran tirẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀ mọ́jú, ó san díínárì méjì, ó sì ní òun ń padà bọ̀ wá san èyí tó bá kù. Mátíù 20:2 jẹ́ kí á mọ̀ pé díínárì kan ni owó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì ló gbé kalẹ̀ fún àjèjì.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ níwájú yín, ẹ dá ọkọ̀ yín dúró níbi tó jìnnà díẹ̀, kí iná rẹ̀ máa ṣẹ́jú, kí ẹnìkan máa fi aṣọ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ pe 122, nọ́ḿbà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Kò gba owó. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà ní pàtó: ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó ń lọ sí Èkó tàbí èyí tó ń lọ sí Ìbàdàn, àti ìlú tó súnmọ́ jù. Bí iná ò bá sí, tí epo ò sì máa jò, ẹ má fa ènìyàn jáde nínú ọkọ̀ ní fàfàfà. Ọrùn tó ti ṣẹ́ lè sọ ọ́ di arọ. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi, ẹ má sì máa ṣí i wò. Ẹ má fún un lómi mu, nítorí ó lè há a, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ń dúró dè é.

Ní ilé ìwòsàn, àwọn kan lè sọ pé àfi kí owó kọ́kọ́ wá. Òfin Ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 kà á léèwọ̀ láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má bá nọ́ọ̀sì jà. Fóònù ẹni náà ni kí ẹ fi wá ará ilé rẹ̀. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀, ẹ má gbé e sórí WhatsApp. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti gbọ́ ikú ọmọ rẹ̀ báyẹn.

Bíbẹ aláìsàn wò

Ẹ pe ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn kí ẹ tó lọ, kí ẹ bèèrè ohun tó ṣaláìní. Ìdáhùn rẹ̀ lè yà yín lẹ́nu: ọṣẹ, omi, owó ọkọ̀, ẹni tó máa jókòó fún wákàtí mẹ́ta kó lè lọ wẹ̀. Òun gan-an ni a sábà máa ń gbàgbé, ẹni tó ń sùn sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá ní owó, òun ni kí ẹ fún, torí òun ló ń sáré lọ ra òògùn.

Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó wọlé. Ẹ má jókòó sórí ibùsùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Ẹ má bèèrè orúkọ àìsàn sókè, ẹ má sọ ìtàn ẹni tí irú rẹ̀ pa, ẹ má sì bi í bóyá ó mọ ohun tó fi ṣẹ Ọlọ́run. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe èyí tó dára fún ọjọ́ méje tí wọ́n jókòó tì í láì sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́. Àdúrà kúkúrú, ohùn jẹ́jẹ́, nítorí aláìsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. A ò sì gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó jáwọ́ nínú òògùn nítorí ìgbàgbọ́. Ògì tàbí èso, ẹ bèèrè kí ẹ tó gbé e wá: ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹni tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ lè má gbọdọ̀ jẹ ẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí ìjọ lè fi fẹ́ ọmọnìkejì. Kí ìjọ ní ìwé tí orúkọ, irú ẹ̀jẹ̀ àti fóònù àwọn ọmọ ìjọ tí ara wọn le wà, tí wọ́n ti pé ọdún 18, tí wọ́n sì wúwo tó kílò 50. Ọkùnrin lè fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́rin. Ẹ kọ ọjọ́ tí oníkálukú fi sílẹ̀ kẹ́yìn. Ní òru ọjọ́ tí aboyún kan bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ìwé yìí yóò wúlò ju aṣọ ẹgbẹ́ akọrin lọ.

Ìjà ilẹ̀, ìjà ogún

Ibí ló le jù, ẹ fara balẹ̀. Nínú ẹbí olórogún, àwọn kan á ní kí á pín ogún ní ìdí-igi, ìyẹn ẹ̀ka ìyá kọ̀ọ̀kan; àwọn kan á ní orí-ojorí, iye ọmọ. Bí ìyá kan bá bí ọmọ méje tí èkejì bí ẹyọ kan, ẹ ti mọ ẹni tó máa fẹ́ èwo. Méjèèjì ló wà nínú àṣà Yorùbá, nítorí náà ẹ má pe ẹni tó mú èkejì ní olè.

Mátíù 18:15 ní kí ẹ lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan. Bí a ṣe ń ṣe é: ẹ ránṣẹ́ pé ẹ fẹ́ wá kí i, ẹ lọ sí ilé rẹ̀, ẹ má pè é wá sí tiyín. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀ bó ti yẹ, ìbáà jẹ́ òun ló ṣẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ̀yin náà ṣe tí kò dára. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà tí ẹ ta ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé láì pè mí, ó dùn mí. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó fà á lẹ́nu yín." Ẹ dákẹ́ lẹ́yìn náà. Kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Ẹ má mú ọ̀rọ̀ ọdún tó ti pẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ má sọ "ìwà yín nìyẹn". Ohun tó sábà ń ba ìjókòó yìí jẹ́ ni pé ẹni tó lọ ti sọ fún ẹni mẹ́rin kó tó lọ, ọ̀rọ̀ náà á sì ti ṣáájú rẹ̀ dé ilé.

Bí kò bá gbọ́, ẹ mú ẹnìkan tàbí méjì lọ, ẹni tí òun náà bọ̀wọ̀ fún, tí kò ní ìpín nínú ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí ni ìjọ tó kàn. Ohun tí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya àwòrán ilẹ̀ náà, kí gbogbo ẹ̀ka fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ìfẹ́ tí kò ní ìwé lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọmọ ọmọ ni yóò jà á. Ẹ má sì parí ìjà lórí WhatsApp ẹbí. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ nínú ìbínú kò ṣeé gbé mì padà, àwọn àna sì ń gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Bí wọ́n bá kọ̀ pátápátá, Róòmù 12:18 wà: níwọ̀n bó ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ máa kí i, ẹ lọ síbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀, ẹ bá a ṣọ̀fọ̀. Owó tó jẹ yín lè lọ sí ọwọ́ agbẹjọ́rò bó bá di dandan. Ìkíni kò gbọdọ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹbí tí ẹ̀sìn pín sí méjì

Nínú ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ìyá kan. Ní Iléyá, ẹ lọ kí wọn ní àárọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, tí Òjúde Ọba bá dé tí àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí, ń kọjá, ẹ bá wọn yọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń gba ààwẹ̀, ẹ má gbé oúnjẹ jẹ níwájú wọn; ẹ bá wọn gbé omi sítòsí fún ìṣínu. Ohun tí ìgbàgbọ́ yín kò gbà, ẹ sọ ọ́ ṣáájú, pẹ̀lú ohùn tútù: "Àǹtí, màá bá yín se oúnjẹ, ṣùgbọ́n n kò ní lè wà níbi ètùtù." Ìgbà Agẹmọ tàbí Orò, ẹ bèèrè ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ ṣètò ìrìn yín sí i, kí ẹ má sì bú ẹnikẹ́ni lórí pẹpẹ. Akọ̀wé òfin inú Lúùkù 10 bèèrè pé ta ni ọmọnìkejì òun. Ẹlẹ́sìn mìíràn ni Jésù fi dá a lóhùn.

Àpò àánú ènìyàn mẹ́wàá

A mọ àjọ àti èésú dá dáadáa. Ẹ lo ìmọ̀ náà. Kí ènìyàn mẹ́wàá láti ìjọ tàbí àdúgbò kan máa dá ₦1,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ₦40,000 nìyẹn. Kí ẹni mẹ́ta wà tí wọ́n ní láti fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, kí ó má jẹ́ tọkọtaya, kí pásítọ̀ má sì dá a mú. Oúnjẹ, òògùn, owó ìdánwò ọmọ àti owó ilé tó ti di ọ̀ràn lílé jáde ni ohun tí ẹ ń san. Ìnáwó òkú àti aṣọ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀bùn ni, ẹ má yá ẹnikẹ́ni, torí gbèsè ni yóò lé tálákà kúrò nínú ìjọ nígbà tí kò bá rí i san. Ẹ má dárúkọ ẹni tó gbà á ní gbangba, ẹ má ya fọ́tò. Kí ìwé ìṣirò wà, kí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rí i ní oṣù kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó gbà á nìkan ni kí ẹ fi nọ́ḿbà rọ́pò.

Ẹnìkan yóò wà tó ń padà wá. Ẹ má lé e, ẹ má sì fún un lówó lẹ́ẹ̀kẹta láì lọ sí ilé rẹ̀. Kí ẹni méjì lọ, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́. Bó bá jẹ́ òògùn ni, ẹ san án fún kẹ́mísì. Bó bá jẹ́ owó ilé ìwé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwé. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ni kò ní, ẹ wo àárín ẹ̀yin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹnìkan mọ ẹni tó ń wá alágbàṣe. Bó bá sì jẹ́ pé ó tàn yín, kí ẹni tó sún mọ́ ọn jù bá a wí lójúkojú gẹ́gẹ́ bí Léfítíkù 19:17 ti wí, òun nìkan. Ẹ dá owó dúró, kí oúnjẹ ṣì máa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀.